Bí a ṣe ń ka fọ́tò ogun Jámánì àtijọ́: aṣọ, àmì, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn

Bírò ló tú àṣírí fọ́tò náà. Mo rà á pẹ̀lú mọ́kànlá mìíràn nínú àpòòwé kan lọ́jà àlòkù ní Berlin: ọ̀dọ́kùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó fọwọ́ lé ẹ̀yìn àga náà, ojú rẹ̀ le bíi ti ẹni tí wọ́n ní kó má mira. Lẹ́yìn fọ́tò, ẹnìkan kọ "1914". Mo gbà á gbọ́, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko wá àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà lójú ìjà lọ́dún náà. Ìgbà tí mo gbé e sábẹ́ iná dáadáa ni mo tó rí i pé bírò aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́. Ní 1914, kò sẹ́ni tó ní bírò lápò ní Jámánì. Lẹ́yìn 1945 ni irú kálàmù yẹn tó dé ọwọ́ àwọn ará ìlú níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́, ó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ, ó sì lè jẹ́ ọlọ́jà tó fẹ́ kó tètè tà. Mo wá yí fọ́tò sójú, mo wo ẹ̀wù ọkùnrin náà: kò sí bọ́tìnnì kan tó hàn níwájú, wọ́n ti fi etí aṣọ bo gbogbo wọn. Ẹ̀wù tí wọ́n gbé jáde ní 1915 nìyẹn. Kò lè wọ̀ ọ́ ní 1914.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi í ṣe òfin pé aṣọ ni yóò kọ́kọ́ rojọ́, lẹ́yìn náà ni àkọlé yóò wá rojọ́ tirẹ̀, kí n tó dá ẹjọ́ fọ́tò kankan. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí.

Kí ẹ tó gbé gíláàsì sójú

Ẹ má fi omi nu fọ́tò náà, ẹ má sì fi aṣọ nù ún. Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù, ẹ má fà á ya. Ẹ kọ́kọ́ ya ojú ìwé náà lódindi, nítorí àwọn fọ́tò tó wà lọ́tùn-ún àti lósì jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Bí méjì nínú wọn bá jẹ́ ti Paris ní 1940, ẹ ti rí ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ fọ́tò Ogun Àgbáyé Kejì kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 ní fífẹ̀ àti 9 ní gígùn lọ, nítorí náà ẹ fi síkánà gbé e ní 1200 dpi (iye àmì tí síkánà ń kà nínú ínṣì kan). Àmì tó wà lọ́rùn ẹ̀wù lè má tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, 300 dpi kò ní gbé e jáde. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí iná máa rá lórí fọ́tò náà. Orúkọ ilé fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé láìlo íńkì á yọ sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ tí ẹnìkan ti pa rẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n tẹ fọ́tò náà lódì, bíi ti inú dígí. Bọ́tìnnì ló ń sọ ọ́: nínú ẹ̀wù ọkùnrin, apá òsì ló ń gorí apá ọ̀tún. Ẹ rántí pé ọ̀tún ẹni tó wọ̀ ọ́ ni òsì ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó. Mo ti rí ẹni tó kọ àlàyé gígùn nípa àmì ẹ̀yẹ kan tó wà "ní àyà ọ̀tún, níbi tí kò yẹ", bẹ́ẹ̀ fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ lódì ló ń wò.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún àwọ̀. Ọ̀pọ̀ fíìmù ayé ìgbà náà, pàápàá ti ogun àkọ́kọ́, kò rí pupa rárá. Pupa máa ń dà bíi dúdú, búlúù a sì máa funfun. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun mọ àwọ̀ okùn èjìká sójà kan láti inú fọ́tò dúdú-funfun ń méfò ni. Mo ń sọ èyí nítorí pé àwọn Jámánì fi àwọ̀ ya ẹ̀ka iṣẹ́ wọn sọ́tọ̀ nínú ogun kejì: funfun fún àwọn ọmọ ogun ẹsẹ̀, pupa fún àwọn oníbọn ńlá, dúdú fún àwọn tó ń ṣe afárá tó sì ń gbẹ́ kòtò, pupa rẹ́súrẹ́sú fún àwọn onítáǹkì. Ó wúlò tí aṣọ náà bá wà níwájú yín. Nínú fọ́tò, ìtànjẹ ni.

Ogun wo ni?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú, ó sì rọrùn jù.

Ní ogun àkọ́kọ́, ẹ wo orí. Àṣíborí aláwọ tó ní ṣóńṣó irin lókè, Pickelhaube, kò ṣòroó mọ̀. Lójú ogun, wọ́n máa ń fi aṣọ bò ó, wọ́n a sì kọ nọ́ńbà ẹgbẹ́ ọmọ ogun sí iwájú aṣọ náà. Bí lẹ́tà R bá ṣáájú nọ́ńbà, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n pè padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ẹgbẹ́ àtètèkọ́ṣe tó ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Tí wọn kò bá dé àṣíborí, fìlà pẹlẹbẹ tí kò ní ìgbátí ló máa ń wà lórí wọn, ó sì ní àmì róbótó méjì níwájú, ọ̀kan lórí èkejì. Ti òkè jẹ́ ti gbogbo Jámánì: dúdú, funfun, pupa. Ti ìsàlẹ̀ ló ṣe pàtàkì, nítorí ó ń sọ ìjọba tí sójà náà ti wá. Jámánì ìgbà náà kì í ṣe ìlú ọba kan ṣoṣo. Ọba wà ní Prussia, ọba wà ní Bavaria, ní Saxony àti ní Württemberg. Prussia ń lo dúdú àti funfun, Bavaria funfun àti búlúù, Saxony funfun àti àwọ̀ ewé, Württemberg dúdú àti pupa. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ fíìmù: ti Bavaria lè dà bíi funfun lásán, ti Württemberg lè dà bíi dúdú lásán.

Àṣíborí irin, Stahlhelm, bẹ̀rẹ̀ ní 1916, ní àkókò ìjà Verdun ní ilẹ̀ Faransé. Bí ẹ bá rí i nínú fọ́tò tí àkọlé rẹ̀ ní "1915", àkọlé náà ti kùnà.

Ti ogun kejì, ẹ wá idì tó di swastika mú, àmì ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler. Ọdún 1934 ni àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Jámánì gba àmì yìí sí àyà ọ̀tún. Fọ́tò sójà tó ní idì yìí láyà kò lè jẹ́ ti 1933, ohun yòówù tí wọ́n ì báà kọ sẹ́yìn rẹ̀. Láàárín ogun méjèèjì, àwọn ọmọ ogun kan wà tí kò ní swastika rárá, ẹ má gbàgbé wọn.

Ẹ̀wù ogun kejì fúnra rẹ̀ dà bíi kàlẹ́ńdà. Èyí tí wọ́n ń rán láti 1936 ní kọ́là tó dúdú ju ara ẹ̀wù lọ, àpò mẹ́rin tí àárín wọn ní ìṣẹ́po, àti bọ́tìnnì 5 níwájú. Nígbà tí ogun ń le sí i, wọ́n ń ṣọ́ owó àti aṣọ ná. Kọ́là di àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹ̀wù ní 1940. Ní 1941, bọ́tìnnì di 6, nítorí aṣọ tí wọ́n fi ń rán an ti fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀wù 1942 kò ní ìṣẹ́po lójú àpò mọ́, ti 1943 ní ìdérí àpò tó gún régé láìṣe igun, ti 1944 sì gé kúrú dé ìbàdí. Téèyàn bá to fọ́tò márùn-ún sílẹ̀ tẹ̀ léra, á rí bí ìṣẹ́ ṣe ń wọlé sára aṣọ.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹ̀wù 1936 kò di àkísà ní 1940. Sójà lè wọ̀ ọ́ títí ogun fi parí, àwọn àgbà nínú wọn tilẹ̀ fẹ́ràn ẹ ju tuntun lọ. Ohun tí ẹ̀wù ń sọ fún wa ni ọdún tí fọ́tò náà kò lè ṣáájú. Kì í sọ ọdún tí kò lè kọjá. Nítorí náà, ohun tó kẹ́yìn dé nínú fọ́tò ni kí ẹ wá. Bí nǹkan mẹ́sàn-án bá jẹ́ ti 1936, tí ẹyọ kan ṣoṣo sì jẹ́ ti 1943, fọ́tò náà kò ṣáájú 1943.

Àwọn ohun tó pòórá náà wúlò, ṣùgbọ́n wọn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àmì aláwọ̀ mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún àṣíborí irin, wọ́n pàṣẹ kí wọ́n pa á rẹ́ ní 1940; idì tó wà lápá òsì, 1943. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1939, wọ́n ní kí nọ́ńbà kúrò léjìká kí ọ̀tá má bàa mọ ẹgbẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi bákan náà, tẹ́ẹ́pù fìlà tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di "Kriegsmarine", ọmọ ogun ojú omi, lásán. Àmọ́ àṣẹ kì í dé etí gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀ka wo, ipò wo?

Ibi tí idì wà àti bó ṣe na ìyẹ́ ni kí ẹ wò. Idì àyà ọ̀tún tí ìyẹ́ rẹ̀ nà tààrà: ọmọ ogun orí ilẹ̀, Heer. Idì àyà ọ̀tún tó tẹ̀ bíi ẹyẹ tó ń fò lọ: àwọn ọmọ ogun òfuurufú, Luftwaffe, tí ẹyẹ kéékèèké tún wà lọ́rùn ẹ̀wù wọn láti fi ka ipò. Tí kò bá sí idì láyà, tó jẹ́ pé apá òsì lókè ló wà: Waffen-SS, ẹ̀ka ajagun ti SS, ẹgbẹ́ ológun tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, tí lẹ́tà méjì bíi mọ̀nàmọ́ná sábà máa ń wà ní ọ̀tún kọ́là wọn. Ẹ wo irin ìgbànú pẹ̀lú. Ti Heer ní "Gott mit uns", Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa. Ti SS ní "Meine Ehre heißt Treue", ìdúróṣinṣin ni ọlá mi.

Àṣìṣe kan wà tó ń dùn mí nítorí pé ojoojúmọ́ ni mo ń rí i: wọ́n á rí ọ̀dọ́kùnrin tó wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú kúkúrú, tí orí òkú wà lọ́rùn kọ́là rẹ̀ méjèèjì, kíá wọ́n á ní SS ni. Onítáǹkì ti Heer ni. Aṣọ dúdú ni àwọn onítáǹkì ń wọ̀, orí òkú sì ni àmì wọn láti ìgbà àwọn ẹlẹ́ṣin àtijọ́. Ibi tí idì wà ló máa parí iyàn náà: àyà ọ̀tún, Heer, apá òsì, SS.

Ipò kò ṣòro tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Fún ọmọ ogun kékeré, ẹ wo apá òsì lókè: ìlà kan tó ṣe bíi lẹ́tà V ni Gefreiter, méjì ni Obergefreiter. Fún àwọn ọ̀gá kéékèèké, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kọ́là. Tí ó bá ní etí tó ń dán, Unteroffizier ni tàbí ẹni tó jù ú lọ. Lẹ́yìn náà ẹ wo èjìká: bí etí tó ń dán náà bá ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, Unteroffizier, bí ó bá yí i ká tí ìràwọ̀ kan sì wà níbẹ̀, Feldwebel, ìràwọ̀ méjì, Oberfeldwebel. Ẹni tó ní òrùka aṣọ méjì yí ọwọ́ ẹ̀wù ká nísàlẹ̀ ni ọ̀gá ilé, "der Spieß", ẹni tó ń bójú tó oúnjẹ, aṣọ àti ìwà gbogbo kọ́ńpìnnì. Mo fẹ́ràn láti rí i, nítorí ẹyọ kan ni kọ́ńpìnnì kọ̀ọ̀kan ń ní. Tí ẹ bá tún rí i nínú fọ́tò mìíràn nínú àpótí kan náà, ẹ ti rí okùn tó so wọ́n pọ̀.

Fún ọ̀gá àgbà, okùn èjìká tó nà tààrà ni ti Leutnant, kò ní ìràwọ̀, ìràwọ̀ kan, Oberleutnant, méjì, Hauptmann. Tí okùn náà bá ti di ìdì bíi irun tí wọ́n di, láti Major lókè ni, ìràwọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Àmì ẹ̀yẹ ń sọ ọdún

Àgbélébùú Irin, Eisernes Kreuz, ni ẹ ó rí jù. Ipele kejì rẹ̀ kì í sábà hàn gẹ́gẹ́ bí àgbélébùú. Ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fà gba ihò bọ́tìnnì kejì. Ipele kìíní kò ní ríbọ́ọ̀nù, àyà òsì ni wọ́n ń kàn án mọ́. Ọdún ogun wà nísàlẹ̀ àgbélébùú náà: 1914 tàbí 1939, ti 1939 sì ní swastika láàárín. Ẹ sún fọ́tò náà mọ́ra kí ẹ kà á. Ríbọ́ọ̀nù nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́: ti ogun àkọ́kọ́ dúdú láàárín, ti èkejì pupa láàárín, ìlà funfun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjèèjì. Nínú fọ́tò dúdú-funfun, ẹ ò ní mọ èwo lèwo.

Bí ẹ bá rí ríbọ́ọ̀nù nínú ihò bọ́tìnnì tí ìlà tín-ínrín wà ní àárín rẹ̀ gan-an dípò ẹ̀gbẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ìgbà òtútù Rọ́ṣíà, 1941 sí 1942. Oṣù Karùn-ún 1942 ni wọ́n dá a sílẹ̀, fọ́tò náà kò sì lè ṣáájú rẹ̀. Àmì ẹni tó gbọgbẹ́ rí róbótó gígùn bí ẹyin, àṣíborí àti idà méjì wà lójú rẹ̀. Bí kò bá sí swastika lára àṣíborí náà, ogun àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ṣe é léṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò 1943 lẹ ń wò. Bàbá àgbà tó padà sógun ni.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ aṣọ ni sójà, kì í sì í ṣe gbogbo sójà ni ará Jámánì

Ní Jámánì ìgbà Hitler, ta ni kò wọ yúnífọ́ọ̀mù? Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó lọ ṣe iṣẹ́ ìlú, RAD, ní àmì ṣọ́bìrì lápá òsì, fọ́tò ìrántí wọn sì pọ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ kúrò nílé. Ọlọ́pàá ní idì tí ewé yí ká lápá òsì. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní táyà oníyẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń kọ́ ilé àti ọ̀nà fún ogun ní aṣọ apá tí wọ́n kọ "Org. Todt" sí.

Àṣíborí irin Jámánì pẹ̀lú kì í ṣe ẹ̀rí pé ará Jámánì ló dé e. Finland lò ó, China lò ó, Hungary sì ṣe èyí tó jọ ọ́ gan-an. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Ní 1995, ilé ìwádìí kan ní Hamburg, Hamburger Institut für Sozialforschung, ṣí àfihàn fọ́tò nípa ìwà ọ̀daràn àwọn ọmọ ogun Jámánì ní ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ìwà ọ̀daràn náà ṣẹlẹ̀, kò sí iyàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1999, àwọn onímọ̀ ìtàn fi hàn pé àwọn fọ́tò kan níbẹ̀ ní àkọlé tí kò tọ́: òkú tó wà nínú díẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ Soviet pa kí àwọn Jámánì tó dé, aṣọ Hungary tàbí Finland sì ni àwọn ọmọ ogun inú òmíràn wọ̀. Wọ́n ti àfihàn náà pa. Ìgbìmọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ ní 2000 pé nínú fọ́tò tó lé ní 1,400, èyí tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ kò tó 20. Kò tó 20! Síbẹ̀, ìyẹn ti tó fún àwọn tó ń wá ọ̀nà láti sẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fún àwọn òkú ní orúkọ tí kì í ṣe tiwọn ti gbé ohun ìjà fún ẹni tó fẹ́ sin òtítọ́.

Ẹ wá yí i padà

Ìwé fọ́tò fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Agfa, Leonar, Mimosa: orúkọ iléeṣẹ́ ìwé fọ́tò ni wọ̀nyí, wọ́n sì sábà máa ń hàn rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn. Ti ogun àkọ́kọ́ pọ̀ jù bíi káàdì ìfìwéránṣẹ́, tí ìlà pín ẹ̀yìn rẹ̀ sí méjì. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́, ẹ wá ọ̀rọ̀ "Feldpost", ìfìwéránṣẹ́ ológun, ẹ wá òǹtẹ̀, ẹ sì wá ibi tí olùránṣẹ́ kọ orúkọ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sí. Ní ogun kejì, nọ́ńbà tó ní ẹyọ márùn-ún ló rọ́pò orúkọ ẹgbẹ́; bí L bá ṣáájú rẹ̀, Luftwaffe ni, bí M bá ṣáájú rẹ̀, ọmọ ogun ojú omi ni.

Ọwọ́ ìkọ̀wé ló máa ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá. Kurrent ni wọ́n ń pe ìkọ̀wé àtijọ́ náà. Sütterlin ni irú rẹ̀ tí Ludwig Sütterlin ṣe ní 1911, tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iléèwé ní Prussia láti 1915, tí ìjọba Hitler sì fòfin dá dúró ní 1941. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́tà àkọ́kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀, bí orúkọ oṣù tàbí orúkọ ìlú, kí ẹ mú lẹ́tà tí ẹ bá rí níbẹ̀ lọ wá ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó kù. Lẹ́tà e jọ n tín-ínrín. Lẹ́tà u máa ń ní ọ̀já kékeré lórí, kí wọ́n má bàa pè é ní n. Lẹ́tà h ní ìkọ́ lókè àti nísàlẹ̀. Èyí tó dà bí ọ̀pá gígùn láàárín ọ̀rọ̀, s ni.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa bá pàdé kò pọ̀. "Zur Erinnerung an meine Dienstzeit" ni ìrántí ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ogun. "Im Felde" ni lójú ogun. "Weihnachten" ni Kérésìmesì, "Urlaub" ni ìsinmi, "Lazarett" ni ilé ìwòsàn ológun. "Kriegsgefangene" ni ẹlẹ́wọ̀n ogun. "Gef." lè jẹ́ gefallen, ó kú sójú ogun, "verm." ni vermisst, a kò rí i mọ́. "Uffz." ni Unteroffizier, "I.R." ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹsẹ̀, "Btl." ni bàtálíọ̀nù. Ọjọ́ ló ń ṣáájú oṣù nínú déètì wọn, bíi tiwa, nítorí náà 3.8.41 kì í ṣe oṣù Kẹta.

Orúkọ ìlú ń sọ ìgbà pẹ̀lú. Breslau ni Wrocław òní, Danzig ni Gdańsk, Lemberg ni Lviv, Reval ni Tallinn. Łódź di "Litzmannstadt" ní oṣù Kẹrin 1940, orúkọ náà sì bá àwọn Jámánì lọ nígbà tí wọ́n sá kúrò níbẹ̀. Àkọlé tó pè é bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọjọ́ orí ara rẹ̀ sọ́wọ́ yín. Bí mọ́tò bá wà nínú fọ́tò, ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀: WH ni Heer, WL ni Luftwaffe, WM ni ojú omi.

Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n kọ àkọlé náà, àti ẹni tó ṣeé ṣe kó kọ ọ́. Íńkì, pẹ́ńsù tàbí bírò? Ọwọ́ kan náà ni tàbí ọwọ́ méjì? Àwọn fọ́tò tí àwọn oníròyìn ogun yà, Propagandakompanie, ní òǹtẹ̀ PK àti ìwé tí wọ́n fi tápíráítà tẹ̀. Wọ́n dára láti wò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìpolongo ìjọba ni wọ́n. Bundesarchiv, ilé àkójọ ìwé ìjọba Jámánì, fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ lábẹ́ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ pé àkọlé àtilẹ̀wá rẹ̀ lè ní àṣìṣe tàbí kó gbè sápá kan.

Bí aláwọ̀ dúdú bá wà nínú fọ́tò náà

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀.

Ní Togo, Jámánì kò ní Schutztruppe, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà. Ọlọ́pàá nìkan ni wọ́n ní níbẹ̀. Schutztruppe wà ní Kamẹrúùnù, ní Gúúsù-Ìwọ̀-oòrùn àti ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, àkọlé "Schutztruppe, Togo" ti ń purọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Kamina, nítòsí Atakpamé tí àwọn Ifẹ̀-Ana ń gbé, ni àwọn Jámánì kọ́ ilé rédíò ńlá wọn sí. Àwọn fúnra wọn ló bà á jẹ́ kí wọ́n tó túúbá ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 1914. Kò sí fọ́tò ọmọ ogun Jámánì lẹ́nu iṣẹ́ ní Togo tó lè jẹ́ ti 1915.

Nínú fọ́tò tí wọ́n yà ní Yúróòpù, ẹlẹ́wọ̀n ogun láti inú ọmọ ogun Faransé ni aláwọ̀ dúdú tí ẹ rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wo fìlà: chéchia, tó jọ fẹ́ẹ̀sì. Ẹ wo kọ́là tàbí iwájú àṣíborí: àmì ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ni ti àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè Faransé. Ní ogun àkọ́kọ́, wọ́n kó àwọn Mùsùlùmí inú irú ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀ sí Wünsdorf, nítòsí Berlin, wọ́n sì kọ́ mọ́sáláṣí onígi síbẹ̀ ní 1915. Mọ́sáláṣí yẹn máa ń hàn lẹ́yìn wọn nínú fọ́tò.

Ti 1940 ló wúwo jù. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ní kámẹ́rà lápò, wọ́n sì ya àwọn ẹlẹ́wọ̀n dúdú bí ohun ìran. Àkọlé tí wọ́n kọ sí wọn burú, ọ̀rọ̀ èébú ló pọ̀ nínú rẹ̀, "Senegal" sì ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. Faransé pàápàá ń pè wọ́n ní "tirailleurs sénégalais", bẹ́ẹ̀ láti Dahomey, láti Guinea, láti Sudan Faransé (Mali òní) ni wọ́n ti kó wọn wá pẹ̀lú. Ọmọ Kétu, ọmọ Sakété tàbí ọmọ Pọbẹ̀ lè wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ "Senegal" yẹn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà 1940, ní Chasselay nítòsí Lyon, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya àwọn dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ túúbá, wọ́n sì pa wọ́n. Àwọn tó yè nínú ogun náà, Frontstalag, ẹ̀wọ̀n tó wà ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn sí, kì í ṣe Jámánì. Tí ẹ bá rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà kọ́là, ẹ ka déètì, ẹ wo ilé àti igi tó wà lẹ́yìn. Ẹ má tún àkọlé èébú náà kọ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹni tí wọ́n yà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹ̀rí ohun tí ayàwòrán kọ, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tiyín pe ọkùnrin náà.

Ibi tí ẹ ti lè béèrè, àti bí ẹ ó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀

Bundesarchiv ní ẹ̀ka fọ́tò ní Koblenz, ẹ̀ka ológun ní Freiburg, àti ìwé àwọn sójà ogun kejì lọ́kọ̀ọ̀kan ní Berlin. Fún ogun àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ ìwé àwọn ọmọ ogun Prussia jóná ní Potsdam nínú oṣù Kẹrin 1945. Ti Bavaria wà ní Munich, ti Saxony ní Dresden, ti Württemberg ní Stuttgart. Ẹ rí ìdí tí mo fi ń pariwo àmì róbótó ìsàlẹ̀ fìlà. Fún sàréè, Volksbund, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú sàréè àwọn sójà Jámánì, ní ìwé orúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fún Togo àti Kamẹrúùnù, yàrá ìkàwé yunifásítì Frankfurt ní àkójọ fọ́tò ìgbà ìjọba Jámánì ní Áfíríkà. Ẹni tó ń gbé ní Jámánì kó rántí abala 86a òfin wọn: fífi swastika hàn ní gbangba jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ fún ẹ̀kọ́, ìmọ̀ tàbí ìròyìn.

Bí ẹ bá ń kọ àbájáde yín, ẹ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: ohun tí ojú yín rí, ohun tí àkọlé sọ, àti ibi tí ẹ fi ẹjọ́ sí. Pẹ́ńsù tó rọ̀ ni kí ẹ lò, kí ó sì jẹ́ lórí àpòòwé tí fọ́tò wà nínú rẹ̀, kì í ṣe lórí fọ́tò. Èyí tí mo kọ fún ọ̀dọ́kùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rèé:

"Ohun tí mo rí: ẹ̀wù 1915, bọ́tìnnì fara pamọ́. Fìlà pẹlẹbẹ, àmì ìsàlẹ̀ dúdú àti funfun: Prussia. Nọ́ńbà 31 léjìká. Ríbọ́ọ̀nù Àgbélébùú Irin nínú ihò bọ́tìnnì kejì. Ilé fọ́tò ní Altona, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí igun ọ̀tún nísàlẹ̀ láìlo íńkì.

Ohun tí àkọlé sọ: 1914, bírò búlúù, a kọ ọ́ lẹ́yìn 1945.

Ẹjọ́: láti 1915 sí 1918. Infanterie-Regiment 31, tí bárékè rẹ̀ wà ní Altona, tàbí ẹgbẹ́ R 31. Èjìká nìkan kò lè yà wọ́n. Orúkọ:"

Mo fi àyè orúkọ náà sílẹ̀ lófìfo.